Owó Ọdún Ọmọdé: Ta Ni Ó Ni Ín?

Bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí ọdún Iléyá bá kò nílẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn bá ti yídì dé tí àwọn ọmọdé fi ń jáde ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́. Aṣọ tuntun á wà lọ́rùn wọn, bàtà tuntun á máa ta wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn á sì máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ọkùnrin inú wọn á dọ̀bálẹ̀, obìnrin inú wọn á kúnlẹ̀, wọn á ní, "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Àgbàlagbà tí wọ́n kí á ṣàdúrà fún wọn pé ẹ̀mí wọn yóò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láyé, á sì ki ọwọ́ bọ àpò. Owó tí ó bá ti ibẹ̀ jáde ni à ń pè ní owó ọdún. Nígbà tí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ lè ti kó ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà jọ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, owó náà kì í sábà sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ta ni ó ni owó náà? Ta ni ó ná an? Kí sì ni ọmọ náà rí kọ́ nínú bí ó ṣe lọ?

Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí jọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á ní owó bisikíìtì ọmọdé kò tó ohun tí àgbà ń tìtorí rẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í sì í ṣe mímì fún adìyẹ. Owó ọdún ni owó àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí máa ń pè ní tiwọn láyé. Nínú ọ̀nà tí àwọn àgbà bá gbé e gbà ni ọmọ yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohun tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ju ni lọ a máa padà bọ̀, tàbí kì í padà.

Ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń fún ọmọdé lówó ọdún. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ìdíyà ni wọ́n ń pè é. Àwọn òpìtàn a máa tọpa rẹ̀ dé ayé àwọn ọba Fátímì, àwọn tí wọ́n tẹ ìlú Káírò dó ní ọdún 969, tí wọ́n sì máa ń pín owó, aṣọ àti oúnjẹ dídùn fún àwọn ènìyàn lásìkò ọdún. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, ọmọ á fi ẹnu ko ọwọ́ àgbà, á gbé ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀, kí ó tó gba owó. Ní Malaysia, inú àpòòwé aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń fi owó náà sí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tí ń lo àpòòwé pupa ni wọ́n sì ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Níbi gbogbo, ẹ̀bùn ni. Kò sí lára òpó ẹ̀sìn. Kì í ṣe sàká olówó, kì í sì í ṣe sàká ìtúnu ààwẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ yọ kí a tó kírun yídì. Inú dídùn ni ó ti ń jáde, ọmọdé ni a sì ń nawọ́ rẹ̀ sí.

Nílẹ̀ Yorùbá, kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì ni ọmọdé ń gbà kí Nàìjíríà tó pa owó pọ́n-ùn àti sílè tì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Náírà ni ó gba ipò wọn. Lónìí, owó onírin ti di ohun tí ọmọ ìwòyí kò fojú rí lọ́jà mọ́. Bébà ni gbogbo rẹ̀. Bí iye tí a kọ sára bébà náà sì ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú àgbà ń mọ́lẹ̀ sí i lára owó ọmọdé.

Àgbà a tilẹ̀ máa ṣe wàhálà púpọ̀ kí owó náà lè dùn ún wò. Bí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa wá owó tuntun kiri. Àwọn mìíràn a máa fi owó lé owó rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, bẹ́ẹ̀ abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka títa owó náírà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó lè tẹ òfin lójú nítorí kí owó tí yóò fún ọmọdé má baà ká, ó yẹ kí ó lè bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí owó náà ń wọlé sí.

Ọ̀nà méjì tí owó náà ń bá lọ

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ọwọ́ òbí. Bí ọmọ bá ti wọlé, ìyá tàbí baba á ní, "Kó o wá, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀." Gbólóhùn yìí ni ó ti sọ owó ọdún di àwátì nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ á kó o sílẹ̀, á gbà gbọ́. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí ó béèrè rẹ̀, ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbà ni ìbéèrè: ta ni ó ń ra ìrẹsì tí o ń jẹ? Ta ni ó san owó ilé-ìwé rẹ? Bí ọmọ náà bá jẹ́ aláyà gbàǹgbà tí ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní ó ti ń ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ ṣe ń di ẹlẹ́bi nídìí ohun ìní rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọdé kì í ṣe òmùgọ̀. Èyí tí wọ́n gba 2,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ lésìí tí kò rí i gbà padà, 1,500 ni yóò kó wálé lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí ó kù á wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè iye ilé tí ó yà, á yọ ilé méjì kúrò. Òbí tí ó bá wá rí owó nínú ìbọ̀sẹ̀ á figbe ta pé ọmọ òun ti ń purọ́, ó sì ti ń jalè. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ni ó jí. Ohun tí ó fi pamọ́ fún olè ni wọ́n ń pè ní olè jíjà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti kó ẹ̀tàn.

Ọ̀nà kejì ni ojú títì. Nínú ilé tí wọn kò ti gba owó lọ́wọ́ ọmọ, ẹnikẹ́ni kì í sábà bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Àwọn oníṣòwò sì ti ń dúró dè é lójú títì. Wọ́n ti to ìbọn oníke, awò ojú, aago tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yí, àti bánńgà tí ń dún gbàmù bí ìbọn ogun. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́njú díẹ̀ á yà sí ìdí ẹ̀rọ kàlòkàlò, níbi tí yóò ti kọ́ pé owó a máa bí owó láìsí iṣẹ́; kí ó tó mọ̀ pé irọ́ ni, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú àpò. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, èéfín bánńgà ni ó kù, bóyá pẹ̀lú ojú ọ̀gbẹ́ ní ìka.

Ọ̀nà méjèèjì jọ pé wọ́n takora. Ọ̀kan le jù, èkejì dẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n àìsí ọ̀rọ̀ láàárín àgbà àti ọmọ ni ó bí àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó gba owó kò sọ ohun tí yóò fi ṣe fún ọmọ. Ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ kò béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ fi ṣe. Kò sí ẹni tí ó jókòó ti ọmọ náà.

Bóyá ohun ọmọ, ti baba ni

Àwọn tí ń gba owó ọmọ ní awíjàre, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Èkíní ni pé ọmọ àti ohun tí ó ní, ti baba ni. Àwọn tí wọ́n kéú díẹ̀ nínú wọn a tilẹ̀ máa tọ́ka sí hàdíìsì tí ó sọ bí Ànábì Muhammad ṣe wí fún ọkùnrin kan pé òun àti dúkìá rẹ̀, ti baba rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń dákẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ẹ̀sìn, tí àwọn ti ìlànà Ìmáàmù Málíkì tí Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé wà lára wọn, ni ó là á yé ni pé àìní ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Baba tí kò ní lè jẹ nínú ohun ìní ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀n tí yóò gbé e ró. Àwọn ti ìlànà Ìmáàmù Ahmad ọmọ Hánbálì ni ó fún baba láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn náà sì ní kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí yóò ni ọmọ lára.

Al-Kùránì fúnra rẹ̀ pààlà sáàárín ohun ọmọ àti ohun òbí. Ní Súrà kẹrin, ẹsẹ 11, níbi tí a ti pín ogún, bí ènìyàn bá kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ni baba rẹ̀ yóò gbà, ìyá rẹ̀ náà á gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ pé baba ni ó ni gbogbo ohun ọmọ nígbà tí ọmọ wà láyé, kí ni à ń pín fún un ní ìdá kan nínú mẹ́fà nígbà tí ọmọ kú? Ẹni kan kì í jogún ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Súrà kan náà pàṣẹ lórí owó ọmọ òrukàn. Ẹsẹ 6 ní kí alágbàtọ́ má ṣe yára jẹ ẹ́ kí ọmọ tó dàgbà. Bí alágbàtọ́ bá ní lọ́wọ́, kí ó mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aláìní, kí ó jẹ ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Nígbà tí ó bá sì ń dá owó náà padà, kí ó pe ẹlẹ́rìí sí i. Ẹsẹ 10 sọ nípa àwọn tí ń jẹ ẹ́ ní ọ̀nà àìtọ́ pé iná ni wọ́n ń jẹ sínú. Gbogbo àfáà ni ó mọ ẹsẹ wọ̀nyí, wọ́n sì ń fi wọ́n wàásù. Ó wá yani lẹ́nu pé ohun tí a kà sí iná nígbà tí baba ọmọ bá ti kú di ohun tí à ń fi ra ata nígbà tí baba ọmọ ń bẹ láàyè. Ṣé dandan ni kí baba kú kí owó ọmọ tó di ohun ọ̀wọ̀?

Hàdíìsì mìíràn wà tí a kì í gbọ́ lọ́jọ́ ọdún, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim. Wọ́n gbé ohun mímu wá fún Ànábì. Ó mu nínú rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwọn àgbàlagbà wà ní ọwọ́ òsì. Ọ̀tún ni ó yẹ kí ife náà kọ́kọ́ yà sí. Ànábì kò fi ti ọjọ́ orí yí ètò náà padà. Ó bi ọmọ náà bóyá yóò gbà kí òun kọ́kọ́ gbé e fún àwọn àgbà. Ọmọ náà ní òun kò lè fi ìpín òun láti ọwọ́ Ànábì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ànábì sì gbé ife náà lé e lọ́wọ́. Kò bá a wí, kò pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá tọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba àyè lọ́dọ̀ ọmọdé lórí ife ohun mímu kan, kí ni ó wá sọ bíbéèrè di àbùkù fún òbí ìwòyí?

Ẹni tí ó bá sì rò pé àṣà ìbílẹ̀ ni ó fún òun láṣẹ, kí ó rántí adìyẹ. Àgbà a máa fún ọmọdé ní òròmọdìyẹ kan sìn. Bí adìyẹ náà bá dàgbà tí ó yé, tí ó pa, gbogbo agbo ilé á máa pè é ní adìyẹ Lágbájá, ọmọ kékeré. Bí àlejò bá ya ilé lójijì tí wọ́n sì fẹ́ pa á, wọ́n á kọ́kọ́ tu ọlọ́jà kékeré lójú, wọ́n á ṣèlérí òmíràn fún un. Yorùbá tí ó mọ̀ pé ọmọdé lè ní adìyẹ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọmọdé lè ní owó.

Bóyá owó òbí ni ó ń yí po

Awíjàre kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn òbí á ní, owó tí ọ̀rẹ́ àwọn fún ọmọ àwọn, àwọn náà ti fún ọmọ ọ̀rẹ́ náà ní irú rẹ̀, tàbí àwọn yóò fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, owó àwọn ni ó yí po tí ó padà wálé. Ọmọ kàn bá wọn gbé e ni.

Òtítọ́ ni pé àwọn àgbà ń fún ọmọ ara wọn lówó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbèsè ni wọ́n ń san, kí wọ́n san án fún ara wọn lójúkojú. Kí ni ọmọ ń kúnlẹ̀ fún? Àníyàn ni ìdí iṣẹ́ nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹni tí ó na owó sí ọmọ tí ó sì ṣàdúrà fún un, ọmọ ni ó fún, kì í ṣe ìyá ọmọ. Bí ó bá fẹ́ fún ìyá ọmọ, ó mọ ilé rẹ̀. Òbí tí ó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ṣe ọmọ rẹ̀ nìkan. Ó yí àníyàn ẹni tí ó ta ọrẹ padà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a tilẹ̀ gbà pé owó náà ń yí po. Ọmọ òrukàn ńkọ́, tí kò ní baba tí yóò fún ọmọ ẹlòmíràn? Ọmọ tálákà ńkọ́, tí àwọn aládùúgbò ṣàánú fún láìretí ohun tí yóò padà? Owó ta ni ó yí po níbẹ̀? Nínú ilé irú àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sì ti máa ń gba owó náà jù. Awíjàre tí kò lè dúró nílé tálákà, kí olówó má fi ṣe òfin.

Bóyá ọmọdé kò mọ owó ná

Awíjàre kẹta ni pé ọmọdé kò mọ owó ná. Èyí tọ̀nà. Bánńgà àti kàlòkàlò ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ ọmọ kì í ṣe ìdí tí àgbà fi ń gba nǹkan rẹ̀; ìdí tí àgbà fi ń kọ́ ọ ni. Ọmọ kò mọ̀wé, a kò tìtorí rẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ 6 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ní kí àwọn alágbàtọ́ máa dán ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi rí òye lára rẹ̀. A kò lè dán ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo wò. Ẹni tí kò bá fi 500 náírà ṣèèṣì ní ọmọ ọdún 10, ó ṣeé ṣe kí ó fi owó oṣù àkọ́kọ́ ṣe é ní ọmọ ọdún 25. Bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ kò wọ́n tó ti ìkẹyìn.

Nítorí ìnákúnàá yìí ni àwọn àfáà àti olùkọ́ kan fi ń sọ pé kí a pa àṣà náà rẹ́. Wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di alágbe. Pé ọmọdé ń tọ ẹnu-ọ̀nà ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì ń yọ ṣùtì sí ẹni tí ó fún un ní kékeré. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọn kò wo ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé wọn yóò gba èyí tí òun rí nílé ẹbí, òun ni ó ń lọ sí ilé àjèjì láti wá èyí tí yóò fi pamọ́. Ẹ̀kọ́ ni oògùn ìyẹn. Kí òbí sọ fún ọmọ pé ilé ẹbí, ilé aládùúgbò àti ilé ojúlùmọ̀ ni a ń kí lọ́dún. Pé ẹni tí kò ní náà, ó yẹ kí á kí i. Pé àdúrà ni a lọ gbà, owó sì bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní mọ ilé àbúrò baba rẹ̀ bí kì í bá ṣe ọdún. A kì í tìtorí pé orí ń fọ́ ni kí á bẹ́ orí.

Aláìní àti olówó orí fóònù

Ó yẹ kí a dá òbí méjì yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ìyá tí owó ọbẹ̀ ti tán mọ́ lọ́wọ́, tí kò sí ibi tí yóò yà sí, àfi owó ọwọ́ ọmọ. Òfin ẹ̀sìn kò dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ọmọ rẹ̀ náà kò sì ní dá a lẹ́bi bí ó bá sọ òtítọ́ fún un. Kí ó ní, "Ọmọ mi, yá mi ní 1,000 nínú owó rẹ, oúnjẹ ni a ó fi rà." Ọmọ tí wọ́n yá lówó a máa rí ara rẹ̀ bí ènìyàn, ọmọ tí wọ́n tàn lówó gbà a máa rí ìyá rẹ̀ bí ẹlẹ́tàn. Iye owó kan náà ni, ọbẹ̀ kan náà ni, gbólóhùn kan ni ó ya àwọn ọmọ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà kejì, kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé lórí. Kò yọ gbèsè ọmọdé sílẹ̀.

Èkejì ni ẹni tí owó ọmọ rẹ̀ ń wọ inú fóònù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ tí kò fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rí kọ́ ọ ní túláàsì, ó sì ti mọ́ wọn lára. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó lè fi owó ọdún ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin láìdìde. Inú àsùnwọ̀n ìyá tàbí baba ni ó ń já sí. Ọmọ kò rí i, kò kà á, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Kò kúnlẹ̀, kò sì gba àdúrà. Láyé owó bébà, ọmọ a máa mọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó orí fóònù ti mú ìmọ̀ yẹn náà kúrò. Ẹni tí ó bá ń fi owó ránṣẹ́ báyìí, ojúṣe rẹ̀ ni láti pe ọmọ náà sórí fóònù, kí ó sọ iye náà fún un létí ara rẹ̀, kí ó sì ṣàdúrà fún un.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Láti ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ dé ọjọ́ Iléyá kò ju nǹkan bí 70 ọjọ́ lọ. Ọdún méjèèjì yìí ti fún àwọn òbí ní kàlẹ́ńdà ìṣirò tí kò ní ìnáwó nínú. Ní alẹ́ Ìtúnu, kí òbí àti ọmọ jọ ka owó náà, kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ 5,000 náírà, kí ó mú 1,000 fi ṣe fàájì bí ó ti wù ú, àfi bánńgà àti tẹ́tẹ́. Kí ó mú 500 fi ṣe sàráà fún ẹni tí kò rí tó o, kí ó lè mọ̀ ní kékeré pé àti ẹni tí ń gbà àti ẹni tí ń fúnni, ọwọ́ kan náà ni. Kí 3,500 tí ó kù wọ inú kóló tàbí báńkì. Òbí tí ó ń bẹ̀rù èlé kò ní àwáwí mọ́; láti ọdún 2012 tí Jaiz Bank ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni báńkì tí kì í gba èlé tí kì í sì í san èlé ti wà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá sì rí i pé owó tí a kàn jókòó tì ń dín kù bí ọjà ti ń wọ́n, kí ó padà sí ọgbọ́n adìyẹ: kí wọ́n jọ ra abo adìyẹ kan, kí ọmọ máa sìn ín.

Nígbà tí Iléyá bá dé, kí òbí gbé ìwé náà jáde kí ó tó béèrè owó ọdún tuntun. Ohun tí ó wà nínú kóló, kí wọ́n kà á. Ohun tí òbí yá, kí ó san án, tàbí kí ó sọ ìgbà tí yóò san án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní parí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ọmọ yóò ti fojú rí ohun tí à ń pè ní àmánà, èyí tí ó ti ń gbọ́ lẹ́nu àfáà láìrí i rí.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi owó ọdún kọ́ ọmọ ní ìdá àti ìyọkúrò lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé padà. Olùkọ́ Yorùbá lè fi í ṣe kókó àròkọ tàbí àríyànjiyàn, nítorí pé ó ní apá méjì tí ó ṣeé gbè. Ní ilé-kéú, níbi tí ọmọ ti ń rí owó gbà lọ́jọ́ wòlímọ̀ pẹ̀lú, kí àfáà ṣàlàyé ẹsẹ 6 àti ẹsẹ 10 Súrà kẹrin lójú àwọn òbí, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún òkú. Ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí tí à ń kọ́ ní kíláàsì á di àsọdànù bí ọmọ bá délé tí ó sì bá ìdàkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn jù lọ.

Ní ilẹ̀ yìí, kò sí ọjọ́ kan tí a kì í bú àwọn tí owó ìlú wà lọ́wọ́ wọn. A ní wọ́n gba owó pé àwọn fẹ́ tọ́jú rẹ̀, wọn kò dá a padà, wọn kò ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí a bá sì béèrè, wọ́n á bi wá léèrè ẹni tí ó la ọ̀nà tí à ń tọ̀. Gbogbo ẹjọ́ yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀ tí ó ń gbọ́ èébú náà ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn rí; ẹnu baba rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ, lórí 2,000 náírà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìjọba lọ́la, kí ó jẹ́ kí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun lónìí. Ọmọ ni ó ni owó ọdún rẹ̀. Kí òbí kà á fún un.